Bí Ẹgbẹ́ Àgbẹ̀ Kòkó Ṣe Lè Ṣírò Èrè Àmì Òwò Ẹ̀tọ́ Kí Wọ́n Tó Tọwọ́ Bọ̀wé

Àwọn aṣojú ilé-iṣẹ́ tó ń kó kòkó lọ sókè òkun máa ń wá sí abúlé kòkó ní Oǹdó, Ọ̀ṣun, Èkìtì àti Ògùn pé kí àwọn àgbẹ̀ para pọ̀ wọ ètò sátífíkéètì. Ìlérí wọn ni pé kòkó alámì, ìyẹn èyí tó ní ìwé ẹ̀rí pé ó tẹ̀ lé òfin òwò ẹ̀tọ́, ń gba owó lé owó, pé wọ́n á kọ́ àgbẹ̀ níṣẹ́, àti pé òyìnbó tó ń jẹ ṣokoléètì fẹ́ mọ̀ pé wọn ò rẹ́ ẹni tó gbin kòkó jẹ. Kò sí irọ́ níbẹ̀. Àmọ́ iye tí owó náà jẹ́, ẹni tó máa gbà á, àti ohun tí ẹgbẹ́ máa ná kó tó wọlé, wọn kì í sábà sọ ìwọ̀nyí ní ìpàdé àkọ́kọ́. Alága, akọ̀wé àti akápò ẹgbẹ́ la kọ èyí fún, àti ọmọ àgbẹ̀ tó wà nílùú ńlá tí bàbá rẹ̀ ní kó wá bá òun ka àdéhùn.

Ṣé àmì yìí ń ṣe àgbẹ̀ tí kò rí já jẹ láǹfààní? Ó ń ṣe é, níbi tí ẹgbẹ́ bá ti rí olùrà tó ń ra èyí tó pọ̀ nínú kòkó wọn gẹ́gẹ́ bí kòkó alámì, tí ìwé ẹ̀rí wà lórúkọ ẹgbẹ́, tí òṣùwọ̀n sì pé. Níbi tí ọ̀kan nínú mẹ́ta yìí ò bá sí, iṣẹ́ á pọ̀, owó ò ní tó nǹkan.

Ohun tí àmì kọ̀ọ̀kan ń san

Méjì ló gbòde jù nídìí kòkó. Fairtrade ni àkọ́kọ́. Orílẹ̀-èdè Netherlands ni irú àmì yìí ti bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1988, lára kọfí tó wá láti Mexico. Ìlú Bonn ní Jámánì ni olú ilé-iṣẹ́ rẹ̀ wà báyìí, ilé-iṣẹ́ FLOCERT ló sì ń bá wọn ṣàyẹ̀wò. Èkejì ni Rainforest Alliance, tó ní àwòrán ọ̀pọ̀lọ́ lára. Ọdún 2018 ni òun àti UTZ, àmì mìíràn, di ọ̀kan, torí náà ẹgbẹ́ tó bá ṣì ní ìwé UTZ nínú fáìlì, ìwé àtijọ́ ló wà lọ́wọ́ wọn.

Ọ̀nà méjì ni owó Fairtrade ń gbà wọlé. Ọ̀kan ni iye tí kòkó ò gbọdọ̀ wálẹ̀ kọjá. Láti oṣù kẹwàá ọdún 2019 ni wọ́n ti fi í sí dọ́là 2,400 lórí tọ́ọ̀nù kan. Èkejì ni owó àfikún tí wọ́n ń pè ní prímíọ̀mù, dọ́là 240 lórí tọ́ọ̀nù láti ìgbà kan náà. Wọ́n máa ń ṣàtúnṣe sí iye méjèèjì, ẹ wo èyí tó wà lójú ìwé wọn lọ́jọ́ tí ẹ bá ń ṣírò. Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ kì í gbọ́: dọ́là 2,400 yẹn, iye etí omi ni, níbi tí wọ́n ti ń kó kòkó sínú ọkọ̀ ojú omi. Owó mọ́tò, owó ilé ìkẹ́rùsí àti èrè àwọn tó wà láàárín yóò kúrò níbẹ̀ kó tó di iye tí wọ́n ń san lábúlé.

Ìgbà tí ọjà bá já wálẹ̀ nìkan ni iye yẹn wúlò. Bí ọjà bá ga jù ú lọ, owó ọjà lẹ ó gbà, bí ẹni tí kò ní àmì rárá. Lóṣù kẹta ọdún 2024, kòkó kọjá dọ́là 10,000 lórí tọ́ọ̀nù ní New York fún ìgbà àkọ́kọ́, ó sì kọjá 12,000 lóṣù kejìlá ọdún náà kó tó já wálẹ̀ púpọ̀ lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Ní gbogbo àkókò yẹn, prímíọ̀mù nìkan ni Fairtrade fi ju ọjà lásán lọ. Ẹ má torí ìyẹn sọ pé kò wúlò. Lọ́dún 2016 sí 2017, kòkó tó wà ní nǹkan bíi dọ́là 3,000 já wá sí abẹ́ 2,000, ojú àgbẹ̀ sì rí tó. Ìjọba ilẹ̀ Nàìjíríà kì í gé iye lé kòkó mọ́ láti ọdún 1986 tí wọ́n ti tú bọ́ọ̀dù ìjọba tó ń rí sí kòkó ká. Bí ọjà bá wó lọ́la, kò sí ẹlòmíràn tó máa dá a dúró fún yín.

Rainforest Alliance kò ní iye tí kòkó ò gbọdọ̀ wálẹ̀ kọjá. Ohun tó ní ni owó orí ọjà tí olùrà gbọ́dọ̀ san, ó kéré tán dọ́là 70 lórí tọ́ọ̀nù kòkó láti oṣù keje ọdún 2022. Òfin wọn ni pé owó ọwọ́ ni, kó dé ọwọ́ àgbẹ̀ pátá. Owó tí ẹgbẹ́ fi ń ṣe ètò, ọ̀tọ̀ nìyẹn, àwọn olùrà ló sì yẹ kí wọ́n dá sí i. Bí ẹnikẹ́ni bá yọ owó ọ́fíìsì tàbí owó ìdánilẹ́kọ̀ọ́ nínú dọ́là 70 yẹn, ó ti rú òfin ètò náà, ẹ sì lè fi ẹjọ́ rẹ̀ sùn.

Ẹ sọ ọ́ di owó àpò kí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ lè lóye rẹ̀. Àpò kòkó mẹ́rìndínlógún tó jẹ́ kílò 62.5 ló wà nínú tọ́ọ̀nù kan. Prímíọ̀mù Fairtrade jẹ́ dọ́là 15 lórí àpò. Ti Rainforest Alliance jẹ́ dọ́là mẹ́rin àti sẹ́ǹtì 37 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀. Èyí tí wọ́n bá rà gẹ́gẹ́ bí alámì nìkan ni ẹ ó gba owó yìí lé.

Orúkọ ta ló wà lórí ìwé ẹ̀rí?

Ẹ béèrè èyí kí ẹ tó béèrè ohunkóhun mìíràn. Lábẹ́ Fairtrade, ẹgbẹ́ àwọn àgbẹ̀ kéékèèké ló ń ni ìwé nídìí kòkó. Lábẹ́ Rainforest Alliance, ilé-iṣẹ́ tó ń ra kòkó lè kó àgbẹ̀ jọ kó sì gba ìwé náà lórúkọ ara rẹ̀. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, kòkó yín di alámì kìkì ìgbà tí ẹ bá tà á fún ilé-iṣẹ́ yẹn. Ẹ gbé e lọ bá ẹlòmíràn, ó di kòkó lásán, bí ẹ tilẹ̀ ti fi ọdún mẹ́ta tẹ̀ lé gbogbo òfin.

Kì í ṣe pé ó burú tán. Ilé-iṣẹ́ ló ń san owó àyẹ̀wò, ó sì ń sanwó fún àwọn tó ń kọ́ni. Ẹgbẹ́ tí kò ní akọ̀wé tó lè tọ́jú ìwé, tí kò sì ní kọ̀ǹpútà, ó lè rọrùn fún wọn láti bẹ̀rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí nǹkan mẹ́ta wà nínú àdéhùn: pé àgbẹ̀ lè ta kòkó rẹ̀ fún ẹni tó bá san jù láìsí ìtanràn, pé ẹ̀dà àwòrán ilẹ̀ oko àti àkọsílẹ̀ ọmọ ẹgbẹ́ jẹ́ ti ẹgbẹ́, pé wọ́n á kọ owó orí ọjà sórí rìsíìtì lọ́tọ̀, kò ní wọnú iye kòkó. Èyí ìkẹyìn yẹn ṣe pàtàkì gan-an. Bí olùrà bá kó méjèèjì pọ̀, tó ní òun ń san "owó tó dáa", kò sí bí ẹ ṣe máa mọ̀ bóyá ó ti gé iye kòkó kó tó fi owó àmì lé e.

Ìṣirò

Ẹ jókòó ti ìwé àti bírò kí ẹ tó lọ sípàdé. A máa lo iye àpẹẹrẹ níbí, ẹ fi ti ẹgbẹ́ yín rọ́pò rẹ̀.

Ká ní ọmọ ẹgbẹ́ jẹ́ 400, tí oko kọ̀ọ̀kan jẹ́ hẹ́kítà méjì, tí hẹ́kítà kan ń so kílò 350 lọ́dún. Kílò 700 ló ń ti ọwọ́ ẹnì kan wá, tọ́ọ̀nù 280 ti ọwọ́ gbogbo ẹgbẹ́. Bí wọ́n bá ra gbogbo rẹ̀ bíi Fairtrade, prímíọ̀mù á jẹ́ dọ́là 67,200. Èyí ni nọ́ńbà tí aṣojú máa ń kọ sójú pátákó. Àmọ́ kò wọ́pọ̀ kí ẹgbẹ́ rí olùrà fún gbogbo kòkó rẹ̀. Kòkó tó ti kọjá àyẹ̀wò, tó sì ní ìwé, á dé etí omi, olùrà á ní ìdá kan nínú rẹ̀ lòun nílò bí alámì, wọ́n á ta ìyókù bíi kòkó lásán. Ẹgbẹ́ ti náwó lórí gbogbo rẹ̀, àfikún sì jẹ́ ti ìdá kan.

Ká ní ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n rà. Tọ́ọ̀nù 112 nìyẹn, prímíọ̀mù rẹ̀ sì jẹ́ dọ́là 26,880. Ẹ wá yọ ìnáwó ọdún: owó ìforúkọsílẹ̀ àti àyẹ̀wò, owó oṣù ẹni tó ń ṣàkóso ètò, owó àwọn tó ń yí oko wò, mọ́tò, epo, ìwé, aṣọ ìfínko, owó ìdánilẹ́kọ̀ọ́. Bí gbogbo rẹ̀ bá jẹ́ dọ́là 15,000, ó ku 11,880. Ẹ pín in fún 400, ó di bíi dọ́là 30 fún ẹnì kan lọ́dún kan gbáko.

Nọ́ńbà tó yẹ kí ẹ ní lórí ni iye tọ́ọ̀nù tí ẹ gbọ́dọ̀ tà bí alámì kí owó tó padà sílé. Ẹ fi prímíọ̀mù pín ìnáwó: 15,000 tí a fi 240 pín jẹ́ tọ́ọ̀nù 62 àti ààbọ̀, bí ìdá 22 nínú ọgọ́rùn-ún. Bí olùrà ò bá lè kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun á ra tó bẹ́ẹ̀, ẹ má tíì tọwọ́ bọ ohunkóhun. Ìlérí ẹnu ò tó.

Lọ́dún 2015, de Janvry, McIntosh àti Sadoulet gbé ìwádìí jáde lórí ẹgbẹ́ àgbẹ̀ kọfí ní Guatemala. Ohun tí wọ́n rí ni pé bí àmì bá ti ń mówó wọlé, bẹ́ẹ̀ ni ẹgbẹ́ mìíràn á ti rọ́ wọ inú rẹ̀, kọfí alámì á pọ̀ ju ohun tí olùrà ń fẹ́ lọ, ìdá tí ẹnì kọ̀ọ̀kan lè tà bí alámì á sì máa kéré sí i, títí èrè á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ má ju ìnáwó lọ. Nítorí náà, ìdá tí wọ́n rà lọ́wọ́ ẹgbẹ́ aládùúgbò ní ọdún méjì sẹ́yìn lẹ máa wò. Ẹ lọ bá akọ̀wé wọn, ẹ ní kó fi ìwé títà hàn yín.

Òṣùwọ̀n ni kí ẹ kọ́kọ́ wò

Àpò kan tí síkéèlì yọ kílò méjì nínú rẹ̀: bí tọ́ọ̀nù bá wà ní dọ́là 3,000, dọ́là mẹ́fà ló ti lọ. Bó bá wà ní 5,000, dọ́là mẹ́wàá ni. Owó Rainforest Alliance lórí àpò kan ò tó dọ́là márùn-ún. Òṣùwọ̀n tó ń jẹ kílò méjì ti gbé gbogbo rẹ̀ lọ, ó sì tún yọ lára iye kòkó gan-an. Ẹgbẹ́ tí kò bá tíì ní síkéèlì tirẹ̀, èyí ni kó kọ́kọ́ rà.

Bí ẹ ṣe máa dán síkéèlì olùrà wò nìyí. Ẹ wá kẹ́ẹ̀gì lítà 25 mẹ́ta tó gbẹ. Ẹ wọn kọ̀ọ̀kan lófìfo, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ fi ìgò omi lítà kan ààbọ̀ bu omi sínú kẹ́ẹ̀gì kọ̀ọ̀kan ní ìgbà mẹ́rìndínlógún géérégé. Lítà 24 ni, lítà omi kan sì jẹ́ kílò kan, torí náà kílò 24 ni kẹ́ẹ̀gì gbọ́dọ̀ fi lé ju tófìfo lọ. Ẹ gbé ẹyọ kan sórí síkéèlì, ẹ kà á; ẹ gbé èkejì lé e, ẹ kà á; ẹ gbé ẹ̀kẹta lé e. Kí ẹ má ṣe dúró lórí ẹyọ kan, torí síkéèlì tí wọ́n ti fi ọwọ́ yí máa ń sọ òótọ́ ní kílò 20, á wá bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́ bó bá sún mọ́ 60, níbi tí àpò kòkó máa ń wà. Bó bá jẹ́ síkéèlì àfikọ́, ẹ wo ọwọ́ rẹ̀ pé ó wà lórí òdo kí wọ́n tó so àpò mọ́ ọn.

Àpò òfìfo náà ní ìwọ̀n tirẹ̀. Ẹ wọn ọ́n, kí ẹ yọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan. Àwọn olùrà kan á yọ kílò kan fún àpò, wọ́n á tún yọ kílò mìíràn fún "omi" láìfi ẹ̀rọ wọn ọ̀rinrin kòkó. Ìdá 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún ni ọ̀rinrin tí kòkó tó gbẹ dáadáa lè ní, ẹ̀rọ kékeré tó ń wọn ọ́n sì wà lọ́jà. Ẹ má gbà kí wọ́n fojú wọn omi. Ẹ má sì sá a gbẹ kọjá ààlà: àpò kílò 62.5 tó gbẹ dé ìdá mẹ́fà á dín ní nǹkan bíi kílò kan, èèpo kòkó náà á sì máa fọ́ bí ẹ bá ń dì í.

Àwọn tí owó yìí kì í dé ọ̀dọ̀ wọn

Àmì kì í dé ọ̀dọ̀ tálákà tó tálákà jù, ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ bó ṣe rí. Ní 2014, àwọn olùwádìí yunifásítì SOAS ní Lọ́ńdọ̀nù gbé àbájáde jáde lórí Ethiopia àti Uganda. Wọ́n rí i pé owó iṣẹ́ àwọn alágbàṣe níbi tí ẹgbẹ́ Fairtrade wà kéré sí ti àwọn tó ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà níbòmíràn tó jọ ọ́. Ìwádìí Dragusanu, Montero àti Nunn lórí kọfí Costa Rica ní àwọn tó ni oko jèrè, àmọ́ alágbàṣe tí kò ní iṣẹ́ ọwọ́ kan pàtó kò rí nǹkan gbà.

Ní ilẹ̀ wa, olóko sábà máa ń gbé nílùú, ẹni tó ń fín oko, tó ń ká, tó ń fọ́, tó ń sá kòkó sì jẹ́ àlejò tó ń bá a dá oko tí wọ́n jọ ń pín èso. Gbogbo ohun tí àmì ń béèrè, ọrùn ẹni yìí ló wà. Orúkọ olóko ló sì wà nínú ìwé ẹgbẹ́, òun ni wọ́n ń san prímíọ̀mù fún. Èyí kò dáa, ó sì tún ń ba ètò jẹ́: ẹni tí kò rí nǹkan gbà níbẹ̀ kò ní kọ ohun tó fín sínú ìwé, kò ní wá sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́. Kí ẹgbẹ́ fi sínú òfin rẹ̀ pé bí èso bá ṣe ń pín, bẹ́ẹ̀ ni prímíọ̀mù máa pín, kí orúkọ ẹni tó ń dá oko sì wà nínú ìwé pẹ̀lú ti olóko.

Bẹ́ẹ̀ náà ni obìnrin tó ni ilẹ̀ kòkó tirẹ̀, tí wọ́n ń ta èso rẹ̀ lórúkọ ọkọ. Ẹ kọ orúkọ rẹ̀ lọ́tọ̀, kí owó rẹ̀ wọ àkáǹtì tirẹ̀.

Àwọn tó ń dáko nínú igbó ọba, bí igbó Olúwa, igbó Ìdànrè tàbí igbó Ọmọ, kò lè wọlé rárá. Òfin àmì kò gba oko inú igbó tí ìjọba pamọ́. Ẹgbẹ́ tó bá fi irú oko bẹ́ẹ̀ pamọ́ sáàárín ti àwọn yòókù lè mú kí gbogbo ẹgbẹ́ pàdánù sátífíkéètì. Àánú wọn ṣe wá, púpọ̀ nínú wọn ni kò ní ilẹ̀ mìíràn, ṣùgbọ́n irọ́ nínú ìwé kò ní gbà wọ́n.

Iṣẹ́ inú ọdún kan, àti ibi tó ti ń bàjẹ́

*Yíya àwòrán ilẹ̀.* Fóònù tó ní GPS tó. Ẹ rìn yí ààlà oko po, ẹ dúró ní igun kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́. Abẹ́ ewé kòkó kì í jẹ́ kí fóònù ríran dáadáa: ẹ lè wà ní ìdí igi, kó máa fi yín hàn nínú oko aládùúgbò. Ẹ bọ́ sí ibi tó ṣí sílẹ̀ díẹ̀, ẹ gbé fóònù sókè, ẹ dúró títí nọ́ńbà ìṣìnà tó ń hàn lójú rẹ̀ á fi wálẹ̀ sí mítà márùn-ún tàbí kó dín. Bí oko méjì bá gun ara wọn nínú àwòrán, tàbí tí igun kan yọ wọ igbó ọba, kọ̀ǹpútà á sọ ọ́ síta bí ẹ̀sùn. Ọ̀nà kan ṣoṣo láti bọ́ nínú ẹ̀ ni kí ẹ padà lọ rìn ín, kí àwọn aládùúgbò méjèèjì wà níbẹ̀.

Òfin ilẹ̀ Yúróòpù lórí pípa igbó run, tí wọ́n ṣe lọ́dún 2023, ń béèrè àwòrán yìí lọ́wọ́ ẹni tó ń kó kòkó wọ ibẹ̀, yálà kòkó ní àmì tàbí kò ní. Ilẹ̀ tí wọ́n gé igbó rẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ 31 oṣù kejìlá ọdún 2020, kòkó ibẹ̀ ò ní lè wọlé. Oko tó ju hẹ́kítà mẹ́rin lọ gbọ́dọ̀ ní ìlà ààlà. Èyí tí kò tó bẹ́ẹ̀, ojúkò kan tó fún un. Wọ́n ti sún ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ òfin náà síwájú ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, ẹ má torí ìyẹn dẹwọ́. Àmì kò dípò òfin yìí.

*Àyẹ̀wò abẹ́lé.* Ẹgbẹ́ gbọ́dọ̀ bẹ oko ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan wò lọ́dọọdún kí ọ̀dítọ̀, ìyẹn olùyẹ̀wò láti ìta, tó dé. Ọ̀dítọ̀ fúnra rẹ̀ á mú díẹ̀ wò, bí 20 nínú 400, ohun tó bá rí lọ́dọ̀ díẹ̀ yìí ló sì máa fi ṣèdájọ́ gbogbo yín. Èyí tó ń ba ẹgbẹ́ jẹ́ jù níbí ni ẹni tó ń yẹ oko wò tó jókòó sábẹ́ igi máńgò, tó ń fi bírò kan kún fọ́ọ̀mù 60 lọ́jọ́ kan. Ọ̀dítọ̀ tó mọṣẹ́ á mọ̀ lójú ẹsẹ̀: ìkọ̀wé kan náà, ìdáhùn kan náà, kò sí ẹrẹ̀ lára ìwé. Oko mẹ́rin sí márùn-ún ni ẹnì kan lè yẹ̀ wò dáadáa lójúmọ́.

*Oògùn.* Paraquat, oògùn apako, wà lára ohun tí Rainforest Alliance kà léèwọ̀, NAFDAC náà sì ti fòfin dè é ní Nàìjíríà láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024, síbẹ̀ ẹ ṣì lè rí i nínú ìgò mìíràn lọ́jà. Ẹ ní kí ọmọ ẹgbẹ́ pa ìgò òfìfo mọ́ kí ẹ tó gbà pé ohun tó kọ sínú ìwé lòun fín. Ẹ ra oògùn papọ̀ láti ọwọ́ ẹnì kan tó ń já rìsíìtì.

*Ọmọdé.* Ọmọ tó bá dé láti ilé ìwé tó bá òbí rẹ̀ kó kòkó tó gbẹ jọ, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀. Ọmọ tó fi àdá la kòkó, tó ru ẹrù tó wúwo, tó wà nítòsí ìfínko, tàbí tí kò lọ sílé ìwé nítorí oko, ẹ̀ṣẹ̀ ńlá nìyẹn lábẹ́ àmì méjèèjì. Kí ẹgbẹ́ mọ iye ọmọ tó wà nílé ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan àti ilé ìwé tí wọ́n ń lọ. Bí ilé ìwé bá jìnnà jù, ohun tó yẹ kí prímíọ̀mù ṣe gan-an nìyẹn.

*Ìwé títà.* Ọjọ́, orúkọ, kílò, iye kílò kan, owó àmì, ìbuwọ́lù. Ká ní ìwé ẹgbẹ́ sọ pé oko kan lè so kílò 700, tí ọmọ ẹgbẹ́ yẹn wá ta 1,500, ó ti ń bá ẹlòmíràn ta kòkó rẹ̀ lórúkọ ara rẹ̀. Èyí wọ́pọ̀, torí àánú ẹbí ni. Òun ló sì máa ń pa sátífíkéètì jù.

Ohun tí ẹ máa fi prímíọ̀mù ṣe

Ìpàdé gbogbogbòò ló ń pinnu rẹ̀ lábẹ́ Fairtrade, kì í ṣe alága. Kí owó wọ àkáǹtì tó nílò ìbuwọ́lù mẹ́ta. Ní ọjọ́ tó bá wọlé, ẹ kọ iye dọ́là, iye náírà tí bánkì fi ṣẹ́ ẹ, àti iye náírà tó dé sójú pátákó ẹgbẹ́. Iye tí wọ́n fi ń ṣẹ́ dọ́là ni ibi tí owó ti ń pòórá láìsí ẹni tó rí i.

Ní tiwa, ẹ má yára kọ́ gbọ̀ngàn. Bí oko hẹ́kítà méjì bá kúrò ní kílò 350 lórí hẹ́kítà kan dé 500, kílò 300 ló fi lé, ìyẹn dọ́là 900 bí tọ́ọ̀nù bá wà ní 3,000. Kò sí àmì kankan tó ń san bẹ́ẹ̀ fún ẹnì kan lọ́dún. Irúgbìn tuntun láti CRIN, ilé-iṣẹ́ ìwádìí kòkó ti ìjọba, ní Ìdí Ayùnrẹ́ fún àwọn tí igi wọn ti gbó, ẹ̀rọ ìfínko tí ẹgbẹ́ jọ ń lò, owó fún àwọn tó ń gé ẹ̀ka, ibi tí wọ́n ti lè sá kòkó tó ga kúrò nílẹ̀: ìwọ̀nyí ló ń padà wá bí owó. Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tó ń bá àmì wá ló ṣeyebíye jù lójú wa, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi ọjọ́ kan àti bisikíìtì parí rẹ̀. Kí wọ́n kọ́ni nínú oko, ní àsìkò tí iṣẹ́ náà ń lọ. Bíbo kòkó sínú ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ fún ọjọ́ márùn-ún sí mẹ́fà, pẹ̀lú yíyí i ní ọjọ́ kejì àti ọjọ́ kẹrin, kò ṣeé kọ́ nínú gbọ̀ngàn ìlú.

Fún ẹni tó ń ra ṣokoléètì ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí Houston

Bí ọfà bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àmì Fairtrade, ẹ ka ẹ̀yìn rẹ̀: ó lè jẹ́ pé wọ́n ti da kòkó alámì pọ̀ mọ́ lásán nílé-iṣẹ́, iye tí wọ́n rà nìkan ni wọ́n ṣọ́. Àgbẹ̀ ṣì gba owó rẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, Fair Trade USA ti ya kúrò lára Fairtrade àgbáyé ní òpin ọdún 2011, òfin wọn kì í ṣe ọ̀kan náà mọ́. Àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá ń yí àmì padà bó bá ṣe wù wọ́n: Cadbury fi Fairtrade sílẹ̀ fún ètò tirẹ̀ lẹ́yìn ọdún 2016, KitKat ní Bìrìtìkó sì bọ́ sí Rainforest Alliance lọ́dún 2020. Ẹgbẹ́ tó ń ta fún wọn lè tipa bẹ́ẹ̀ pàdánù prímíọ̀mù Fairtrade láìṣẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kí owó òun dé oko, kó ra èyí tó kọ orúkọ ẹgbẹ́ àgbẹ̀ sára pépà rẹ̀, kó sì kọ̀wé béèrè iye tí wọ́n san lórí tọ́ọ̀nù.

Ìgbà tó yẹ kí ẹ kúrò

Ọdún mẹ́ta ni ìwé ẹ̀rí sábà máa ń gbé. Ní ìparí sáà kọ̀ọ̀kan, ẹ ṣe ìṣirò òkè yẹn pẹ̀lú iye tó ṣẹlẹ̀ gan-an. Bí ìdá tí wọ́n rà bí alámì bá wà lábẹ́ ibi tí owó ti ń padà sílé fún sáà méjì léra, tí olùrà ò sì fẹ́ kọ iye tuntun sílẹ̀, ẹ má tún ìwé ṣe. Kí ẹ tó jáde, ẹ gba ẹ̀dà àwòrán ilẹ̀ gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ sórí fáìlì, kì í ṣe lórí bébà nìkan, ẹ gba àkọsílẹ̀ títà àti ti ìdánilẹ́kọ̀ọ́, kí akọ̀wé àti akápò pín in tọ́jú sí ibi méjì. Olùrà tó kàn tó bá ń kó kòkó lọ sí Yúróòpù máa béèrè fún un, owó ńlá sì ni ẹgbẹ́ tó bá ní láti tún rìn yí oko po láti ìbẹ̀rẹ̀ máa ná.